Adìẹ tó ń sàba àti ínkúbétọ̀: Èwo ló máa mú èrè wọlé fún olówò kékeré?

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ dá òwò adìẹ sílẹ̀ ló máa ń rò pé iṣẹ́ náà kò ju kéèyàn ra òròmọdìẹ, kó fún wọn lóúnjẹ, kó sì kó wọn lọ sọ́jà nígbà ọdún. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì já wálẹ̀ lójú dọ́là lọ́dún kan náà, owó òròmọdìẹ àti owó oúnjẹ adìẹ ti fò kọjá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ olówò kékeré nílẹ̀ Yorùbá máa bèèrè bóyá kò ní sàn káwọn máa pa ẹyin fúnra àwọn, dípò káwọn máa tò síwájú ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ta òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan.

Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú iye ẹyin tí ẹ̀rọ lè gbà. Ohun tó ń fi èrè sí olówò lápò, tàbí tó ń sọ ọ́ di ajigbèsè nídìí iṣẹ́ yìí, ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 21 tí ẹyin fi wà lábẹ́ ìgbóná àti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá lè ṣọ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn dáadáa lè gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì lè ṣe é, àgbébọ̀ adìẹ tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ló máa bá a ṣe é lówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá sì mọ bó ṣe lè so méjèèjì pọ̀, òun ni àdánù rẹ̀ máa ń kéré jù.

OHUN MẸ́RIN TÍ ẸYIN Ń FẸ́

Ẹyin kò mọ̀ bóyá adìẹ ló jókòó lé òun tàbí ẹ̀rọ. Ohun mẹ́rin ló ń fẹ́: ìgbóná tí kò ṣe ségesège, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, kí wọ́n máa yí i, àti atẹ́gùn tó mọ́. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yẹ̀, ọmọ inú ẹyin lè kú láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀ títí ọjọ́ máa fi pé.

Nínú ẹ̀rọ tó ní fáànù, ìgbóná tí wọ́n ń fẹ́ wà láàárín 37.5°C sí 37.8°C. Bí ẹ̀rọ kò bá ní fáànù, òkè inú rẹ̀ máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà, ibi tó bá orí ẹyin dọ́gba ni wọ́n máa ń gbé tẹmómítà sí, tí wọ́n á sì jẹ́ kó wà ní nǹkan bíi 38.5°C. Kí olówò má gbàgbé pé ìgbóná tó pọ̀ jù tètè ń pa ọmọ inú ẹyin ju otútù lọ. Ẹyin tó tutù fún wákàtí kan lè yè é, àmọ́ èyí tó gbóná kọjá 40°C fún wákàtí mélòó kan kì í sábà yè é.

Ọ̀rinrin ni ìkejì. Láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ 18, ìwọ̀n 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára. Láti ọjọ́ 18 títí wọ́n á fi pa, wọ́n á gbé e lọ sí 65 tàbí 70, kí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú èèpo ẹyin má baà gbẹ mọ́ òròmọdìẹ lára. Abọ́ omi tí wọ́n gbé sísàlẹ̀ ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹnu abọ́ náà bá ṣe fẹ̀ tó ni ọ̀rinrin ṣe máa pọ̀ tó, kì í ṣe bí abọ́ náà ṣe jìn tó. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ, omi náà sì máa ń tètè tán. Nígbà òjò, omi díẹ̀ ló nílò.

Yíyí ni ìkẹta. Ó kéré tán, kí wọ́n yí ẹyin lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ó sì tún dára tó bá jẹ́ márùn-ún, kí ọmọ inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Tó bá ti di ọjọ́ 18, kí wọ́n dá yíyí dúró, nítorí òròmọdìẹ ti ń gba ipò tó máa fi jáde. Atẹ́gùn ni ìkẹrin. Èèpo ẹyin ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, ibẹ̀ ni ọmọ inú rẹ̀ ń gbà mí. Ẹni tó bá dí gbogbo ihò ẹ̀rọ rẹ̀ pa torí pé kó má tutù, ńṣe ló ń sé àwọn ọmọ náà léèémí.

Àgbébọ̀ tó ń sàba máa ń ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Ara rẹ̀ ń gbóná, ó ń fi ẹnu àti ẹsẹ̀ yí ẹyin rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, ó sì máa ń dìde díẹ̀ láti lọ jẹun kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ẹyin. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń gba owó lé lórí nìyẹn.

Kì í ṣe òní làwọn èèyàn sì ti ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣe iṣẹ́ adìẹ láìlo adìẹ. Nílẹ̀ Íjíbítì, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí wọ́n ti ń pa ọ̀pọ̀ ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé amọ̀ tí wọ́n ń dáná sí. Wọn kò ní iná mànàmáná, wọn kò sì ní tẹmómítà. Ńṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbé ẹyin kan ìpéǹpéjú wọn láti mọ bó ṣe gbóná tó. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olówò ni pé iná nìkan kọ́ ló ń pa ẹyin. Èèyàn tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru ni ìdí iṣẹ́ náà.

IBI TÓ TI Ń BÀJẸ́ KÓ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ọ̀pọ̀ owó ló ti ṣègbé torí pé ẹyin tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ kò lè pa láéláé. Ẹyin tí wọ́n ń tò sínú kírétì lọ́jà, tó wá láti ọ̀dọ̀ adìẹ àgíríìkì tí kò sí àkùkọ láàárín wọn, kò lọ́mọ nínú. Béèyàn fi oṣù mẹ́ta gbóná rẹ̀, òbu ló máa dà. Ẹyin tó lè pa ni èyí tí adìẹ tí àkùkọ ń gùn yé. Àkùkọ kan sí àgbébọ̀ mẹ́wàá ni àwọn olóko máa ń lò. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àkùkọ sáàárín wọn, kí wọ́n dúró tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹyin fún pípa.

Ẹyin tí wọ́n máa pa kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ méje lọ kó tó wọ ẹ̀rọ tàbí abẹ́ adìẹ. Tó bá fi di ọjọ́ mẹ́wàá, iye tó máa pa á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ibi tó tutù díẹ̀, tí oòrùn kò dé, ni kí wọ́n kó o sí. Fíríìjì kọ́ ni ibi ìpamọ́ rẹ̀, torí otútù ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí wọ́n yọ èyí tó ti sán, èyí tó kéré jù, èyí tó tóbi jù àti èyí tí ìrísí rẹ̀ wọ́. Kí wọ́n má fi omi fọ ẹyin, nítorí omi máa ń ti ìdọ̀tí wọ inú ihò èèpo rẹ̀. Èyí tó bá dọ̀tí jù, kí wọ́n yọ ọ́ sẹ́yìn. Ìtẹ́ tó mọ́ ló ń mú ẹyin tó mọ́ wá.

Irú adìẹ náà tún ṣe pàtàkì. Yàtọ̀ sí adìẹ ìbílẹ̀ gidi, ọ̀pọ̀ olówò ń lo FUNAAB Alpha, tó wá láti Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, àti Noiler, tí ilé iṣẹ́ Amo Farm Sieberer Hatchery tó wà ní Awẹ́, nítòsí ìlú Ọ̀yọ́, ń pa. Àwọn méjèèjì tètè ń dàgbà ju ti ìbílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìran tí wọ́n lú pọ̀ ni Noiler, ẹni tó bá ń pa ẹyin rẹ̀ nílé kò gbọdọ̀ retí pé gbogbo ọmọ á rí bí ìyá wọn.

BÍ WỌ́N ṢE Ń LO ÀGBÉBỌ̀

Adìẹ ìbílẹ̀ máa ń yé ẹyin bíi 10 sí 15, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sàba. Àmì rẹ̀ kì í pamọ́: kò ní fẹ́ kúrò nínú ìtẹ́, á máa fẹ ìyẹ́ rẹ̀, á máa ké tìbínú-tìbínú, á sì máa sọ ẹni tó bá na ọwọ́ sí i. Adìẹ àgíríìkì tí wọ́n ń sìn fún ẹyin kì í sábà sàba, nítorí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa èyí tí kì í dá ẹyin dúró nínú ìran wọn. Ìdí nìyẹn tí adìẹ ìbílẹ̀ fi níye lórí fún ẹni tó fẹ́ pa ẹyin láìlo iná.

Ẹni tó bá rí adìẹ tó fẹ́ sàba kò gbọdọ̀ kánjú kó ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Kó fi ẹyin kan tàbí méjì tí kò ní iṣẹ́ síbẹ̀ fún alẹ́ méjì, kó wò ó bóyá á jókòó. Tó bá jókòó, kó fi alẹ́ gbé e lọ sí ibi tó dákẹ́, tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí òjò, ejò àti àwọn adìẹ mìíràn kò ní dà á láàmú. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ koríko gbígbẹ sí ti tó. Ẹyin 10 sí 12 ni adìẹ ìbílẹ̀ lè bò dáadáa. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan á máa yọ síta, wọ́n á tutù, adìẹ á tún yí wọn wọlé, á sì ti àwọn míì síta. Bí ọ̀pọ̀ ẹyin ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn torí ojúkòkòrò.

Kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù sàmì sí gbogbo ẹyin, kí wọ́n lè mọ èyí tí adìẹ mìíràn wá yé sí i, kí wọ́n sì yọ ọ́ lójoojúmọ́. Kí àgbàdo àti omi wà nítòsí, nítorí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni àgbébọ̀ tó ń sàba sábà máa ń dìde. Kí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò kó tó jókòó. Bí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ bá wà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, ó lè sá fi ẹyin sílẹ̀ nígbà tó bá ku ọjọ́ díẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ àti tòlótòló náà mọ ìsàba, ara wọn sì tóbi tí wọ́n lè bo ẹyin adìẹ tó pọ̀ ju ti àgbébọ̀ lọ. Àmọ́ ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ìbílẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 35, ti tòlótòló sì ń gba 28. Wọn kò gbọdọ̀ da ẹyin tí ọjọ́ wọn kò dọ́gba pọ̀ sábẹ́ ẹyẹ kan, torí tí àwọn kan bá ti jáde, ìyá á dìde fi àwọn tó kù sílẹ̀.

Ohun tó ń jẹ owó lọ́wọ́ adìẹ ni àkókò. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń sàba, àti ìgbà tó bá ń kó ọmọ kiri, kò ní yé ẹyin. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ títí tó fi fúnra rẹ̀ já wọn, yíyé ẹyin, sísàba àti títọ́ ọmọ á ti gba tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ìyẹn ni pé nǹkan bí ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin péré ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún. Ọgbọ́n tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lò ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àgbébọ̀ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ìsàba lọ́jọ́ kan náà. Tí wọ́n bá ti pa, wọ́n á fi alẹ́ kó ọmọ gbogbo wọn sábẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, èyí tó kù á sì padà sídìí ẹyin yíyé.

ẸNI TÓ FẸ́ LO Ẹ̀RỌ

Oríṣiríṣi ínkúbétọ̀ ló wà, látorí kékeré tó ń gba ẹyin 50 dórí èyí tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa náà ń ṣe é, àwọn kan ń fi pákó kàn án, àwọn míì ń lo ara fíríìjì àtijọ́ nítorí pé kì í jẹ́ kí ìgbóná sá jáde. Èyí tó ń lo iná mànàmáná wà, èyí tó ń lo sólà àti bátìrì wà, èyí tó ń lo àtùpà tàbí gáàsì náà sì wà.

Ohun tó yẹ kí oníbàárà wò kó tó sanwó kì í ṣe bí ara ẹ̀rọ ṣe ń dán. Kó bèèrè bóyá ó ní fáànù, bóyá ó ń fúnra rẹ̀ yí ẹyin, bóyá ó lè lo bátìrì tí iná bá lọ, àti bóyá ẹni tó ṣe é á tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Kó má gbára lé nọ́ńbà tó ń tàn lójú ẹ̀rọ nìkan. Tẹmómítà tí wọ́n ń fi wo ibà lè ràn án lọ́wọ́: kó fi òun àti ti ẹ̀rọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan náà, kó wò ó bóyá ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ. Bí ti ẹ̀rọ bá fi ìwọ̀n kan péré yẹ̀, ó tó láti ba gbogbo ẹyin jẹ́.

Kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ọjọ́ kan gbáko láìsí ẹyin nínú rẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé ìgbóná rẹ̀ dúró sójú kan. Inú yàrá tí oòrùn kò ti ń wọlé tààrà ni kí wọ́n gbé e sí. Bí wọ́n bá ń to ẹyin sórí tiréè, ibi ìdí rẹ̀ tó tóbi ló gbọdọ̀ kọjú sókè, torí ibẹ̀ ni àlàfo afẹ́fẹ́ wà.

Ní ọjọ́ keje, kí wọ́n wọ yàrá tó ṣókùnkùn, kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì tàn sí ìdí ẹyin kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá lọ́mọ á ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tàn ká bí okùn aláǹtakùn, pẹ̀lú àmì dúdú kékeré láàárín. Èyí tó bá mọ́ gaara kò lọ́mọ. Èyí tó bá ní òrùka ẹ̀jẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ ti kú. Kí wọ́n yọ oríṣi méjèèjì kúrò, nítorí ẹyin òbu lè bẹ́ nínú ẹ̀rọ, kó sì ba àwọn tó kù jẹ́. Kí wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò ní ọjọ́ 18. Bí wọ́n bá rí ọ̀pọ̀ ẹyin tó mọ́ gaara lọ́jọ́ keje, kì í ṣe ẹ̀rọ ni kí wọ́n bá wí. Àkùkọ tàbí ẹni tó ta ẹyin ni ọ̀rọ̀ kàn.

TÍ INÁ BÁ LỌ Ń KỌ́?

Kò sí olówò ní Nàìjíríà tí kò mọ̀ pé àwọn tí aráàlú ṣì ń pè ní NEPA lè mú iná lọ nígbàkigbà. Lọ́dún 2024 nìkan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ tó ń pín iná káàkiri orílẹ̀-èdè yìí dákẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ láìra ohun tó máa gbé e dúró nígbà tí iná kò sí, ìdajì ẹ̀rọ ló rà.

Bí iná bá lọ, ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n má ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Ẹyin tó ti gbóná máa ń di ìgbóná rẹ̀ mú fún wákàtí mélòó kan. Kí wọ́n fi kúbùsù bo ẹ̀rọ náà, àmọ́ kí wọ́n fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Bó bá pẹ́, kí wọ́n rọ omi gbígbóná sínú ike, kí wọ́n fi aṣọ wé e, kí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ láìjẹ́ kó fara kan ẹyin. Nígbà tí ọjọ́ bá ti lé ní 15, ọmọ inú ẹyin ti ń mú ìgbóná tirẹ̀ jáde. Nínú ẹ̀rọ ńlá tó kún, tí fáànù rẹ̀ dákẹ́, ooru àti àìsí atẹ́gùn lè di ewu ju otútù lọ, ìyẹn ló fi yẹ kí ẹnì kan máa wo tẹmómítà kó tó pinnu ohun tó máa ṣe.

Ibí yìí gan-an ni síso adìẹ àti ẹ̀rọ pọ̀ ti wúlò. Olówò tó ní àgbébọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń sàba lọ́jọ́ kan náà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè kó díẹ̀ nínú ẹyin sábẹ́ wọn bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Bí ohun gbogbo bá sì lọ dáadáa, ó lè fi alẹ́ kó òròmọdìẹ inú ẹ̀rọ sábẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí kí wọ́n bá a tọ́ wọn. Àgbébọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ kì í sábà mọ̀ pé wọ́n fi ọmọ ẹlòmíì kún tirẹ̀, àmọ́ tó bá ti kọjá ọjọ́ díẹ̀, ó lè sọ wọ́n pa.

ỌJỌ́ TÍ WỌ́N BÁ PA

Láti ìgbà tí òròmọdìẹ bá ti lu èèpo ẹyin títí tó fi máa jáde lè gba wákàtí 12 sí 24. Àánú ló ń jẹ́ kí àwọn kan máa fi ọwọ́ ṣí èèpo náà. Kí wọ́n yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti pupa ẹyin ṣì ń wọ ara rẹ̀ lọ lásìkò yẹn, ẹni tó bá kánjú lè pa á. Ẹni tó bá sì ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà láti wò wọ́n, ọ̀rinrin ló ń jẹ́ kó sá jáde, awọ inú ẹyin á sì gbẹ mọ́ àwọn tó kù lára.

Kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ títí ara wọn á fi gbẹ. Pupa ẹyin tó ti wọ inú wọn lè gbé wọn fún nǹkan bí ọjọ́ méjì láìjẹun. Ìdí tí wọ́n fi ń lè gbé òròmọdìẹ nínú páálí láti ìlú kan sí òmíràn nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ìgbóná ṣì ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 32 sí 35°C ni òròmọdìẹ ń fẹ́. Wọ́n á máa fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́ta dín in kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ wọn á fi bò wọ́n. Àwọn òròmọdìẹ fúnra wọn ló máa sọ bó bá ṣe rí. Tí wọ́n bá kó ara wọn jọ sábẹ́ iná, otútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọ́n ń la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Tí wọ́n bá tàn ká, tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu, ara tù wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ló ń lo ìkòkò èédú láti mú ilé gbóná nítorí iná tó ń lọ. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú lè pa odindi agbo òròmọdìẹ, ó sì lè pa ẹni tó bá sùn tì wọ́n. Ilé tí wọ́n bá ti ń lo èédú gbọdọ̀ ní ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lókè.

Ti òròmọdìẹ tó wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ rọrùn nípa ìgbóná, nítorí abẹ́ ìyẹ́ ló ń wọ̀. Àmọ́ ewu ìta pọ̀. Àwọn àgbà ní òròmọdìẹ kò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àṣá. Síbẹ̀, ìyá kan kò lè dá àṣá, ejò, òjò àti ológbò dúró. Kí wọ́n fi àgò bo ìyá àti ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kí wọ́n fún wọn lóúnjẹ sítátà àti omi tó mọ́ níbẹ̀. Owó àgò kan kò tó owó òròmọdìẹ mẹ́ta tí àṣá gbé.

ÀRÙN TÓ Ń GBÁ ÀGỌ́ DÀNÙ

Lùkúlùkú, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, ni ọ̀tá tó ń pa adìẹ ilẹ̀ wa jù, pàápàá nígbà ọyẹ́. Kò ní oògùn tó ń wò ó tó bá ti dé, àjẹsára nìkan ló ń dènà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ NVRI tó wà ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti wà látọdún 1924, ń ṣe àjẹsára rẹ̀, títí kan oríṣi tí wọ́n ń kán sí adìẹ ìbílẹ̀ lójú, tó lè fara da ooru díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Bí wọ́n bá ń fi àjẹsára sínú omi mímu, kí wọ́n má lo omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi kẹ́míkà sí, torí ó máa pa àjẹsára náà. Omi kànga tó mọ́ tàbí omi òjò ló dára. Kí wọ́n lọ bá dókítà ẹran tó wà nítòsí fún ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fún wọn, títí kan ti àrùn Gumboro.

Àrùn míì wà tó máa ń bá ẹyin wá láti ara ìyá, irú bí èyí tó ń mú òròmọdìẹ yàgbẹ́ funfun. Ẹ̀rọ kan tí ẹyin aláìsàn bá wọ̀ lè kó o ran gbogbo àwọn tó kù. Nítorí náà, kí olówò mọ oko tó ti ń ra ẹyin, kó sì fi oògùn apakòkòrò fọ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìpa.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ RẸ̀

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé olówò kan ra ẹyin 100 ní 300 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ jẹ́ 30,000 náírà. Ká tún sọ pé iná àti epo jẹ 20,000 náírà ní ọjọ́ 21. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50,000 náírà. Bí òròmọdìẹ 65 bá jáde, tí 50 sì yè é dé ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jẹ 1,000 náírà kí wọ́n tó ka owó oúnjẹ. Àmọ́ bí iná bá lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí 40 péré jáde, tí 25 sì yè é, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di 2,000 náírà. Ẹ̀rọ kan náà ni, ẹyin kan náà ni, owó kan náà ló jáde lápò. Ohun tó yàtọ̀ ni iye tó yè.

Ẹni tó bá fi àgbébọ̀ mẹ́wàá pa ẹyin 100 náà kò ní san owó epo. Àgbàdo tí wọ́n jẹ àti ẹyin tí wọn kò yé ní gbogbo àsìkò yẹn ni owó tirẹ̀. Ìyẹn ni olówò tó ń fi ínkúbétọ̀ wéra pẹ̀lú adìẹ fi gbọ́dọ̀ ka iye òròmọdìẹ tó dé ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kì í ṣe iye ẹyin tó wọlé, kì í sì í ṣe iye tó pa.

Kó má sì gbàgbé pé nǹkan bí ìdajì òròmọdìẹ ló máa jẹ́ akọ. Ìyẹn kì í ṣe àdánù bí wọ́n bá fi oṣù ṣíwájú. Àkùkọ ìbílẹ̀ ń gba nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kó tó tó tà, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tà á nígbà Kérésìmesì ní láti ti kó ẹyin sábẹ́ ìgbóná ní nǹkan bí oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà.

Ọ̀nà míì tún wà tí ẹ̀rọ fi ń pa owó: bíbá àwọn ará àdúgbò pa ẹyin tiwọn. Àmọ́ kí àdéhùn wà nílẹ̀ kí ẹyin tó wọlé. Ṣé iye ẹyin tí wọ́n gbé wá ni wọ́n máa sanwó lé lórí ni, àbí iye òròmọdìẹ tó jáde? Ta ló máa gbé àdánù ẹyin tí kò lọ́mọ? Kí wọ́n jọ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lọ́jọ́ keje, kí oníbàárà lè fojú ara rẹ̀ rí èyí tó mọ́ gaara, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 21.

Ìmọ̀ràn tó bá olówò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mu ni pé kó fi àgbébọ̀ ìbílẹ̀ mẹ́ta àti àkùkọ kan tó dára kọ́ṣẹ́ fún ìpa méjì tàbí mẹ́ta. Kó ní ìwé kan tó ń kọ ọjọ́ tí ẹyin wọlé sí, iye tó lọ́mọ, iye tó pa, iye tó kú àti ohun tó pa wọ́n. Nígbà tí ìwé náà bá fi hàn pé ó lè tọ́ ọ̀pọ̀ òròmọdìẹ rẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kó wá ra ẹ̀rọ kékeré pẹ̀lú bátìrì tàbí sólà tó máa gbé e. Kó má sì pa àwọn àgbébọ̀ rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dé, nítorí ọjọ́ tí iná bá lọ tí kò padà dé, àwọn ló máa sá tọ̀.